Dókítà Yíwọlá àti Èdè Tí Ó Kọ̀ Láti Wọ̀ Ọ́ Lẹ́nu

Bí ẹ bá dárúkọ Dókítà Ezra Yíwọlá láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé Mayfair ní Johannesburg, kí ẹ tó parí "kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹni náà kò fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Elégédé ló rántí.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún 2009. Dókítà fa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́, Àánúolúwapọ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n sì dúró níwájú obìnrin Súlú kan tó to elégédé sílẹ̀ létí títì. Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó kúrò nílé pé kó kàn nawọ́ sí èyí tó bá wù ú, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Dókítà ní kò jọ ọ́. Odindi oṣù mẹ́jọ lòun fi ń kọ́ èdè Súlú, òun kò ní dúró lójú ọ̀nà kí òun máa nawọ́ bí odi. Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní:

"Sawubona, Mama. Ngifuna ithanga lakho elikhulu."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, "Ẹ ǹlẹ́ o, Mama. Elégédé yín tó tóbi yẹn ni mo fẹ́." Ṣùgbọ́n èdè Súlú dà bíi Yorùbá, ohùn ni wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Gbé ohùn gba ibì kan, ithanga á di elégédé. Gbé e gba ibòmíràn, itan obìnrin lo béèrè yẹn. Ìyá elélégédé wo ọkùnrin onítáì yìí láti òkè délẹ̀. Ó rọra fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo orúnkún. Ọkọ rẹ̀, tó ń to ọ̀dùnkún sápò lẹ́yìn rẹ̀, nàró.

"Dádì!" Àánú fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Itan wọn lẹ ní ẹ fẹ́ yẹn o!"

Kí Dókítà tó rí ohun wí, ọmọ náà ti yíjú sí tọkọtaya, ó tú èdè Súlú sílẹ̀ bí ẹni tú omi, ó ń nawọ́ sí elégédé, ó ń nawọ́ sí bàbá rẹ̀, ó ń mi orí bí ìyá àgbà. Ọkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ọ̀dùnkún. Ìyàwó gbé Àánú mọ́ra, ó sì fi elégédé kékeré kan ta á lọ́rẹ. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ kó máa lọ. Dókítà Yíwọlá, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, dúró ti ìyá náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pé ohùn tòun tọ̀nà, etí tirẹ̀ ni kò gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ elégédé nílé Yíwọlá, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dun Dókítà ju bó ti yẹ lọ ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Olùkọ́ ni ní yunifásítì ní Braamfontein, ohun tó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ju bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ èdè lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, á ya ilẹ̀kùn ńlá kan sójú pátákó. Á ní ọpọlọ ọmọ tuntun ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, gbayawu ló sì ṣí sílẹ̀. Èdè tó bá ń kọjá lọ á kàn wọlé, kò ní kan ilẹ̀kùn, kò ní jókòó dúró de olùkọ́. Bí ọmọ bá wá ń dàgbà, ilẹ̀kùn á máa padé díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ọjọ́ orí tó ń padé tán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jiyàn pé àgbàlagbà ń jìyà. Àgbà lè gba ojú fèrèsé wọlé, Dókítà á wí, ṣùgbọ́n ìṣó á fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́. "Ọ̀gá, ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, a sì gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ́ Súlú. Ilẹ̀kùn tiyín ńkọ́?"

Dókítà pa pátákó rẹ́. Ó ní, "Ìwádìí náà kò kan Ìjẹ̀ṣà."

Ọdún 2007 ni òun àti Modúpẹ́ kó dé Johannesburg pẹ̀lú Àánú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Modúpẹ́ rí iṣẹ́ apòògùn ní ilé ìtajà oògùn kan ní Marshalltown. Dókítà ti fi gègé fa ìlà sábẹ́ ìgbésí ayé ọmọ rẹ̀: Yorùbá láti ẹnu bàbá, Gẹ̀ẹ́sì láti ilé ẹ̀kọ́, ó parí. Ẹni tí kò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ni Magdalene. Opó ọmọ Súlú ni Magdalene, Soweto ló ti ń wá láàárọ̀ láti tọ́jú ọmọ, á sì padà lọ nígbà tí Dókítà bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àánú ń pè é ní Gógo, bí àwọn Súlú ṣe ń pe ìyá àgbà. Kò tó oṣù mẹ́fà tí ọmọ náà fi ń sọ Súlú bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Inú Dókítà kọ́kọ́ dùn. Ó ní ẹ wá wo ẹ̀kọ́ òun tó ń rìn kiri nínú ilé. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó béèrè lọ́wọ́ Àánú pé, "Kí lo jẹ lónìí, ọmọ mi?" Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ìrẹsì ni. Ó wá yíjú sí Magdalene, ó sọ gbólóhùn kan péré lédè Súlú, làwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Magdalene rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọpọ́n ìfọwọ́ mú.

"Kí ló sọ?" ni Dókítà béèrè.

"Eish, Dókítà, kò ṣe nǹkan kan," ni Magdalene wí, ó ń nu ojú.

Nígbà tí Modúpẹ́ dé, Dókítà fà á wọ yàrá. "Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà báyìí?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, Bàbá Àánú?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ tó ti ní èdè mẹ́ta lẹ́nu! Èmi tí mo gboyè dókítà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, èdè mélòó ni mo ní?"

Láti ọjọ́ náà ni ìlara ti wọlé, tó sì yọ bàtà. Dókítà ṣe òfin: Yorùbá nìkan ni wọn yóò máa sọ ní pálọ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ Súlú, kó lọ sọ ọ́ ní ilé ìdáná. Ó rò pé òun gbọ́n. Ní ọjọ́ kejì, Àánú kó bèbí rẹ̀ méjèèjì, ìrọ̀rí rẹ̀ àti ìwé àwòrán rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ tábìlì, ó sì ń gbé ibẹ̀. Pálọ̀ dá páropáro. Ní ọjọ́ kẹrin, Dókítà gbé àga tirẹ̀ náà dé ilé ìdáná. Ó ní iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwé kíkà ju ti pálọ̀ lọ.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìlú gbóná. Wọ́n ń lé àwọn àjèjì káàkiri, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń sun ilé wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dókítà àti Àánú wà nínú takisí tó ń bọ̀ láti Marshalltown, ọmọ jókòó lórí itan bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ibi róbọ́ọ̀tì tó ń darí ọkọ̀, iná pupa dá wọn dúró, ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó mú igi lọ́wọ́ bá fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ọ̀kan nínú wọn gbé apá rẹ̀ sókè, ó ń fi ìka kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń bi àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí lorúkọ èyí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lédè Súlú, àjèjì ni, kó sọ̀ kalẹ̀.

Ó kan Dókítà. Ó mọ ìgbọ̀nwọ́ ní Yorùbá, ó mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ̀ ọ́n ní Faransé. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn Róòmù àtijọ́ fi ń pè é. Ọkùnrin náà tún fi ìka kan ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà.

"Indololwane!" ni Àánú pariwo.

Eré tí òun àti Gógo máa ń ṣe nígbà ìwẹ̀ lọmọ rò pé wọ́n ń ṣe. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí i. Ó di etí rẹ̀ mú: "Indlebe!" Ó lu orúnkún rẹ̀: "Idolo!" Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo bàbá, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Shap, ntombazane," ló wí, ìyẹn ni pé, o káre, ọmọbìnrin, ó gbá ọmọ náà lórí jẹ́jẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ṣí. Dókítà di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Àánú ní, "Dádì, ẹ̀ ń fún mi pa." Kò gbọ́.

Modúpẹ́ sunkún nígbà tó gbọ́, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà náà dúpẹ́. Ó mu omi ife kan, ó mu ìkejì, ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ó wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀ ṣá o. Ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Modúpẹ́ gbójú sókè láti orí ìkúnlẹ̀. "Bàbá Àánú, ọmọ tó gba ẹ̀mí yín là lẹ tún ń jowú?"

"Ta ló ń jowú? Mo kàn ní kí ọmọdé máa jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún, ó gbé e tọ Magdalene lọ pé kó kọ́ òun ní Súlú. Magdalene ní òun ò mọ̀ ọ́n kọ́, òun kàn mọ̀ ọ́n sọ ni, kó lọ bá Àánú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe di olùkọ́ ọ̀mọ̀wé. Olùkọ́ náà sì le. Á gun orí tábìlì, á ká ẹsẹ̀ kò, á ní, "Ẹ tún un pè, Dádì. Rárá. Ẹ tún un pè." Bí ẹnìkan bá pe ọ̀rọ̀ dáadáa, á ya ìràwọ̀ sí ìwé fún un. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, Gógo, tó kàn ń fọ abọ́ nítòsí, ti gba ìràwọ̀ mọ́kànlélógún. Dókítà gba ìdajì.

"Báwo lèèyàn ṣe ń gba ìdajì ìràwọ̀?" ló bi ìyàwó rẹ̀ léèrè, inú sì ń bí i gidi. "Àti pé kí ni Magdalene ṣe tó fi gba mọ́kànlélógún? Èdè ìyá rẹ̀ ni! Òjóró nìyẹn!"

Ìró kan wà tó bá a jà ju gbogbo ìyókù lọ. Bí àwọn Súlú bá fẹ́ pe ẹyin, iqanda ni wọ́n ń wí, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ já kúrò lára àjà ẹnu kó dún kọ́! bí ìgbà tí ìdérí bá fò kúrò lẹ́nu ìgò. Àánú ń ṣe é bó ṣe ń jẹun. Ti Dókítà kì í dún. Ó ń gbìyànjú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó ń gbìyànjú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi bi í léèrè bóyá ajá rẹ̀ ló sọnù.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Mayfair. Wòlíì Jìmí ní kí gbogbo ìjọ tẹrí ba, kí oníkálukú gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Dókítà rí i pé ibi tó dákẹ́ báyìí dára fún ìgbìyànjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Lójijì, nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ó dún: kọ́! Ó yà á lẹ́nu. Ó tún ṣe é. Kọ́! Kọ́!

Wòlíì Jìmí fò sókè, ó gbá agogo mú. "Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀! Ahọ́n tuntun ti bà lé Bàbá Àánú! Ẹ yí i ká, ará!" Àwọn ìyá aláṣọ funfun dìde, wọ́n yí Dókítà ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, ọ̀kan ń ta omi àdúrà sí i lórí. Ojú sì ti Dókítà láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àánú gun orí bẹ́ǹṣì. "Kì í ṣe Ẹ̀mí!" ló kígbe. "Ẹyin ni Dádì ń pè! Kò sì tíì pè é dáadáa!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù ọdún 2009 kò pani lẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ibà mú Àánú. Bàbá rẹ̀ gbé e káyà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń fi aṣọ tútù nù ún níwájú orí. Ọmọ náà kò la ojú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́: "Gógo. Gógo." Bàbá ló gbé e dání, Gógo ló ń pè. Ọ̀rọ̀ náà wọ Dókítà lára bí ẹ̀gún. Nígbà tí ara ọmọ yá, ó sọ fún Magdalene pé kó lọ sinmi fún ìgbà díẹ̀, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é.

"Fún ìgbà wo?" ni Modúpẹ́ béèrè, nígbà tó gbọ́.

"Títí tí ọmọ mi á fi mọ ẹni tó jẹ́ bàbá rẹ̀."

"Ezra!" Ọdún kọkànlá tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó nìyẹn, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí.

Yunifásítì wà ní ìsinmi, Dókítà sì jókòó ti ọmọ. Ó pàlọ́ fún un ní Yorùbá. Ó ṣe ohùn Ìjàpá, ó ṣe ohùn Yánníbo, ó tún dìde, ó ń rìn bí Erin. Àánú kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì, kò sọ Yorùbá, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ Súlú. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó mi orí. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lórí bí ọmọdé ṣe ń sọ̀rọ̀ wá jókòó sí pálọ̀ tirẹ̀, ọmọ tirẹ̀ sì ya odi níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó wọ takisí lọ sí Soweto. Ó rí ilé náà. Ó dúró lẹ́nu géètì, Magdalene sì jáde sí i, ó nu ọwọ́ sára aṣọ. Dókítà ti há ọ̀rọ̀ sórí jálẹ̀ ojú ọ̀nà: ngiyaxolisa, ìyẹn ni pé, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ìró inú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń fà á, bí ẹni ń da ẹṣin.

"Ngiyakolisa," ló wí. Kò dún. "Ngiyashosholisa." Àwọn aládùúgbò ti fara ti ọgbà, wọ́n ń wòran. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, itọ́ ta sí i ní táì.

"Dókítà," ni Magdalene fi Gẹ̀ẹ́sì wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ wá wí?"

Gbogbo èdè tí Dókítà mọ̀ fò lọ. "Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́," ló wí.

Magdalene wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mayfair kí obìnrin náà tó lanu. Ó ní, "Dókítà, ọ̀sán ni ọmọ yẹn máa ń ṣubú. Èmi ni mo máa ń wà níbẹ̀ tó bá ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí tí nǹkan bá dùn ún. Ṣùgbọ́n bí agogo mẹ́rin bá ti lù, ojú fèrèsé ló máa ń lọ dúró sí. Ẹ̀yin ló ń retí. Mo lè fi oúnjẹ pè é, mo lè fi eré pè é, kò ní kúrò níbẹ̀. Á máa sọ ohun kan náà lédè yín títí ẹ ó fi dé."

"Kí ló ń sọ?"

"Bàbá mi ń bọ̀," ni Magdalene wí. "Bàbá mi ń bọ̀."

Dókítà yíjú sí ìta, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí kò rí títì rí. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Àánú sáré jáde. Ó dì mọ́ Gógo lẹ́sẹ̀, ó nawọ́ kan fa kóòtù bàbá rẹ̀, ó sì sọ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Dókítà ní kó tẹ̀ síwájú. Ó ní ohun tí òun fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní ìlú náà. Ariwo fèrè bọ́ọ̀lù kò tíì rọlẹ̀ tán nígbà tí kídìnrín Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé kó máa sinmi. Ó rù. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò rù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọjú sí ògiri, ó ní òun ò jẹun. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ wọlé.

"Bàbá, ẹ dìde jókòó. Uṣu ti jiná. Ẹni tí kò jẹun, uṣẹ́ kì í ṣeé ṣe fún un."

Dókítà rò pé ìyá òun ló dé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará ìlú tó yí wọn ká nìkan ló ń fi u bẹ̀rẹ̀ iṣu. Ó yíjú. Magdalene ló dúró tó gbé abọ́ dání.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀yin àti Mama Àánú ni." Magdalene gbé abọ́ kalẹ̀. "Bí ẹ bá ń jà, èdè yẹn lẹ máa ń fi jà, kí èmi má baà gbọ́. Ẹ sì máa ń jà gan-an."

Dókítà jókòó ṣánṣán. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

"Kò ṣeé ṣe! Modúpẹ́! Modúpẹ́, wá gbọ́ o! Obìnrin yìí ti jí èdè bàbá mi kó!" Modúpẹ́ sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe é. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń fi ìka tọ́ka sí abọ́. "Kí lèyí?" ló ń bi Magdalene.

"Uṣu ni," ni Magdalene wí. "Ó rọrùn fún mi, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lédè wa bíi tiyín."

"Kí ló wá dé," ni Dókítà béèrè, ìlara sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un sunkún, "kí ló dé tí èdè wa wọ̀ yín lẹ́nu, tí èdè yín kọ̀ láti wọ̀ mí lẹ́nu?"

Magdalene sún abọ́ mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ jù. Èmi ni mo máa ń dákẹ́."

Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín, Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ó jẹ iṣu náà tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀kọ́ òun wá, èyí tí òun fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó fi gègé kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé: "Ìwádìí náà kò kan àwọn Súlú náà."

Ó kú ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Kò jẹ̀rora púpọ̀. Wọ́n sin ín sí Johannesburg, ìjọ kọrin Yorùbá, Magdalene àti àwọn obìnrin mẹ́rin tó bá a wá láti Soweto sì kọrin Súlú lé e, orin méjèèjì kò bá ara wọn mu, kò sì sí ẹni tó ní kí ọ̀kan dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún. Wòlíì Jìmí ń sọ ìtàn Dókítà, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ń sọ ní pálọ̀ bí ẹni pé ìgbéyàwó ni. Modúpẹ́ kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó bá Magdalene níbẹ̀ tó jókòó, tó gbé Àánú lé ẹsẹ̀.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Ó ń fetí sí ẹ̀rín tó ń bọ̀ láti pálọ̀.

"Mọ́mì," ló wí, "èdè wo ni wọ́n ń sọ lọ́run?"

Modúpẹ́ ní òun kò mọ̀. Magdalene náà ní òun kò mọ̀.

Àánú rò ó fúnra rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e kalẹ̀.

"Dádì ti ń kọ́ ọ," ló wí. "Kò tíì mọ̀ ọ́n pè. Wọ́n ń rín in. Ṣùgbọ́n Dádì ò ní dákẹ́."